Pákó àlòkù fún ilé adìyẹ: èwo la lè lò, èwo ni ká yẹra fún?

Ìbéèrè: Mo fẹ́ kan ilé adìyẹ tó máa gba bíi mẹ́wàá. Agbára mi ò ká pákó tuntun, àmọ́ mo ti kó àlòkù jọ: pálẹ́ẹ̀tì mélòó kan (àwọn pákó tí wọ́n kàn pọ̀ láti máa to ẹrù lé), ilẹ̀kùn àtijọ́ méjì tó lọ́dà lára, pákó tí wọ́n fi da kọnkéré, àti òpó dúdú kan tó jọ òpó iná. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n máa kàn án lọ, ó ní adìyẹ kì í ṣe èèyàn. Ẹlòmíì ní kí n kó gbogbo rẹ̀ dà nù, ó ní oró ló wà lára wọn. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

* * *

Kò sí ẹni tó jàre nínú àwọn méjèèjì. Adìyẹ kì í ṣe èèyàn lóòótọ́, àmọ́ èèyàn ló ń jẹ ẹyin rẹ̀, ohun tó bá sì wọ adìyẹ lára lè bá ẹyin jáde. Ẹni tó ní kẹ́ ẹ dà á nù ní tiẹ̀ ò yẹ òkìtì yẹn wò. Èyí tó ṣeé lò níbẹ̀ ju èyí tí kò ṣeé lò lọ.

Èmi kì í kọ́kọ́ béèrè irú igi tí pákó jẹ́. Iṣẹ́ tó ti ṣe kó tó dé ọwọ́ mi ni mo máa ń béèrè. Ta ló lò ó? Kí ni wọ́n fi kùn ún? Kí ló ti dà sí i lára? Pákó tí mi ò bá mọ ibi tó ti wá, tí kò sì lámì kankan lára tó lè sọ ọ́ fún mi, mi ò ní kàn án síbi tí ẹnu adìyẹ máa tó. Adìyẹ ò lọ́wọ́, ẹnu ló fi ń yẹ gbogbo nǹkan wò. Ọ̀dà tó ṣí díẹ̀, orí ìṣó tó ń dán, eérún pákó tó yọ síta, á sọ ọ́ títí á fi já, á sì gbé e mì.

* * *

Ẹ jẹ́ ká tètè mú ti òpó dúdú yẹn kúrò ńlẹ̀. Bó bá jẹ́ òpó iná tàbí òpó tẹlifóònù lóòótọ́, tàbí igi tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ irin rélùwéè, creosote ló máa ń dúdú báyẹn, òróró kan tí wọ́n ń yọ lára ọ̀dà èédú. Láti ọdún 1838 tí John Bethell ti gba ìwé àṣẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí bí wọ́n ṣe ń tì í wọnú igi ni wọ́n ti ń lò ó, torí ikán kì í súnmọ́ ọn. Òun kan náà ló ń jó èèyàn lára, wọ́n sì kà á mọ́ ohun tó lè fa jẹjẹrẹ. Ẹ gbé òpó yẹn sínú oòrùn ọ̀sán, kẹ́ ẹ fọwọ́ kàn án lẹ́yìn wákàtí díẹ̀. Bó bá ń yọ omi dúdú tó ń lẹ̀ mọ́ ìka, tí òórùn rẹ̀ sì jọ ti títì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da ọ̀dà sí, ẹ ti rí ìdáhùn.

Ẹnì kan sọ pé òpó tó ti wà níta fún ogún ọdún, òjò ti fọ oògùn rẹ̀ tán. Rárá o. Ojú rẹ̀ lòjò fọ̀. Ẹni tó bá fi ayùn là á ló máa mọ̀ pé inú ṣì ń rùn.

Àwọn òpó míì ò dúdú, wọn ò sì fi bẹ́ẹ̀ rùn, síbẹ̀ pentachlorophenol ti wọ̀ wọ́n lára. Oògùn tí wọ́n fi ń dáàbò bo igi ni. Kì í sábà dá wá, oró líle kan tó ń jẹ́ dioxin máa ń bá a rìn, kì í sì í tètè kúrò nínú ọ̀rá ẹran tàbí pupa ẹyin. Lọ́dún 2015 ni àwọn orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí Àdéhùn Stockholm kà á mọ́ àwọn kẹ́míkà tó yẹ kí ayé pa tì. Ilé adìyẹ gan-an sì wà lára ibi tí wọ́n ti rí ọṣẹ́ rẹ̀: ní Pólándì, àwọn onímọ̀ tọ dioxin tó wà nínú ẹyin dé ara igi ilé adìyẹ àtijọ́ kan, wọ́n sì tẹ ìwádìí náà jáde lọ́dún 2016. Ẹni tó bá ní adìyẹ kì í ṣe èèyàn, ẹ kà á sí i létí.

* * *

Ó kan pálẹ́ẹ̀tì. Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn máa ń pọ̀ sí jù, torí ọ̀fẹ́ ni wọ́n sábà máa ń rí i.

Ẹ dá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, kẹ́ ẹ wo àwọn igi nínípọn tó wà láàárín òkè àti ìsàlẹ̀. Pálẹ́ẹ̀tì tó bá ti kọjá ẹnubodè máa ń ní òǹtẹ̀ tí wọ́n jó tàbí tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ óò rí ṣírí ọkà kan pẹ̀lú IPPC (orúkọ àdéhùn àgbáyé tó ń dáàbò bo ewéko) lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lẹ́tà méjì tó dúró fún orílẹ̀-èdè, nọ́ńbà ẹni tó ṣe é, lẹ́yìn náà lẹ́tà méjì tó jẹ́ tiwa. HT ni pé wọ́n fi ooru sè é títí àárín igi fi gbóná dé 56°C, tí kò sì dín fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. DH náà, ooru ni, àmọ́ irú èyí tí máíkirowéèfù ń lò ni. MB ni pé gáàsì methyl bromide ni wọ́n fi pa kòkòrò inú rẹ̀. Ìlànà tó bí òǹtẹ̀ yìí ń jẹ́ ISPM 15, ọdún 2002 ló jáde, kí kòkòrò inú igi orílẹ̀-èdè kan má baà lọ ba igbó orílẹ̀-èdè míì jẹ́. Ẹ kíyè sí i o: nítorí igbó ni, kì í ṣe nítorí adìyẹ.

Lórí MB, ẹnu ò kò. Àwọn kan ní májèlé ni, kéèyàn má tiẹ̀ fọwọ́ kàn án. Àwọn kan ní gáàsì ni, ó ti fẹ́ lọ tipẹ́. Òótọ́ púpọ̀ wà nínú ti àwọn ẹlẹ́ẹ̀kejì, torí ẹni tó wà nítòsí nígbà tí wọ́n ń tú gáàsì náà sí i ló wà nínú ewu jù. Síbẹ̀, mi ò ní mú un wọ ilé adìyẹ, ìdí mi ò sì le: pálẹ́ẹ̀tì HT ló kún ìta. Ilẹ̀ Yúróòpù ti pa MB tì láti 2010, Àdéhùn Montreal sì ti dín in kù káàkiri ayé nítorí ìpalára tó ń ṣe fún òfuurufú. Kí ló máa wá sún mi dé ìdí èyí tí mo ń ṣiyèméjì lé lórí?

Ọ̀pọ̀ ló ń ṣì í gbọ́ níbí yìí. Wọ́n á rí HT, wọ́n á ní “ó ti mọ́.” Òǹtẹ̀ ń sọ ohun tí wọ́n ṣe sí igi ní ọjọ́ tí wọ́n kàn án. Kò mọ nǹkan kan nípa kẹ́ẹ̀gì oògùn apakòkòrò tó jò sí i lára lọ́sẹ̀ tó kọjá. Pálẹ́ẹ̀tì HT tó kó ajílẹ̀, tó kó bátìrì, tó kó ọ̀dà, HT náà ni òǹtẹ̀ rẹ̀ á máa jẹ́. Torí náà, lẹ́yìn òǹtẹ̀, ẹ lo imú, kẹ́ ẹ sì lo ojú. Àbàwọ́n dúdú tàbí aláwọ̀ búlúù tó tàn ká, ẹ̀fun funfun tó gbẹ mọ́ ojú igi, òórùn kẹ́míkà tàbí ti epo, ẹ fi í sílẹ̀. Bó bá ń ṣe yín bíi pé epo ti fà sínú pákó, ẹ ta omi díẹ̀ sí i. Pákó gbígbẹ tó mọ́ máa ń fa omi mu. Bí omi bá ṣù lé e lórí tó ń yí gbiri, nǹkan kan ti wà níbẹ̀ ṣáájú omi.

Èyí tí kò ní òǹtẹ̀ rárá ńkọ́? Ó ṣeé ṣe kó máà tíì jáde nílùú rí. Ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ni kò tiẹ̀ ní oògùn kankan. Ìbéèrè kan náà ni: kí ló kó? Bẹ́ ẹ bá gbà á lọ́wọ́ ẹni tó lò ó, á sọ fún yín. Bẹ́ ẹ bá hú u lẹ́bàá ọ̀nà, kò sẹ́ni tó máa sọ ọ́.

Àwọn pálẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ búlúù, pupa àti irú wọn ní ẹni tó ni wọ́n. Ilé iṣẹ́ tó ń yá wọn fáwọn èèyàn ló ń kùn wọ́n bẹ́ẹ̀, tiẹ̀ náà sì ni wọ́n, bó ti wù kí wọ́n pẹ́ níta tó. Ẹ fi ti wọn sílẹ̀ fún wọn.

* * *

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé HT ò ní jẹ́ kí ikán jẹ ẹ́?”

Àbúrò, rárá. Ooru pa kòkòrò tó wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà ni. Èyí tó bá dé lọ́la, oúnjẹ rẹ̀ ló bá pàdé.

* * *

Ilẹ̀kùn méjì tó lọ́dà: níbí ni mo ti lè le ju àwọn ẹlòmíì lọ.

Ọ̀dà àtijọ́ lè ní òjé. Amẹ́ríkà fi òfin de òjé nínú ọ̀dà ilé lọ́dún 1978. Ọ̀pọ̀ ibi ṣì wà tí irú òfin bẹ́ẹ̀ ò sí, tàbí tó wà tí kò sẹ́ni tó ń tẹ̀ lé e, torí náà ọjọ́ orí ilẹ̀kùn nìkan ò tó láti fi ọkàn ẹni balẹ̀. Àwọ̀ yẹ́lò, pupa àti olómi ọsàn tó ń tàn yanran máa ń mú mi fura jù, torí òjé wà lára ohun tí wọ́n fi ń fún wọn láwọ̀.

Adìyẹ tó ń jẹ èépá ọ̀dà olójé lè má ṣe àìsàn rárá. Á máa jẹ, á máa yé, ìyẹ́ rẹ̀ á máa dán. Òjé máa ń bá kálísíọ̀mù rìn, inú egungun ló ń sá pa mọ́ sí, nígbà tí adìyẹ bá sì fẹ́ ṣe èèpo ẹyin, inú egungun yẹn kan náà ló ti ń tọrọ. Pupa ẹyin lòjé ń pọ̀ sí jù. Ọmọ kékeré tó ń jẹ ẹyin lójoojúmọ́ nínú ilé ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí.

“Mo lè fi ọ̀dà tuntun kùn ún mọ́lẹ̀ nígbà náà.” Bí ẹ bá fẹ́ lo ilẹ̀kùn yẹn nínú ilé yín, ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú ilé adìyẹ, ìgbẹ́ wà níbẹ̀, ọ̀rinrin wà níbẹ̀, èékánná wà níbẹ̀, ẹnu sì wà níbẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Ọ̀dà tuntun á bó, á sì bó pẹ̀lú ti àtijọ́.

“Mo lè fi sáńpépà fá a.” Ìyẹn burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Eruku òjé á wọ inú yín, á bá aṣọ wọlé, èyí tó bá sì bọ́ sílẹ̀ nínú ọgbà ló máa di ibi tí adìyẹ á máa yí erùpẹ̀ mọ́ra. Wọ́n ń ta ohun èlò kékeré kan tí wọ́n fi ń nu ọ̀dà, tí àwọ̀ rẹ̀ á sì yí padà bí òjé bá wà. Ó lè là yín lójú, àmọ́ ó máa ń ṣi nǹkan. Ibi àyẹ̀wò gidi ló lè fọwọ́ sọ̀yà. Lójú tèmi, ilẹ̀kùn méjì ò tó ohun tá à ń torí rẹ̀ lọ ibi àyẹ̀wò. Bí àyè bá wà fún ilẹ̀kùn náà lẹ́nu àká irinṣẹ́, ẹ gbé e lọ síbẹ̀.

* * *

Ẹnì kan dá sí i, ó ní pákó olóògùn aláwọ̀ ewé ni bàbá òun fi kan ilé adìyẹ, pé àwọn adìyẹ náà gbó sínú rẹ̀, kò sì sí ohun tó ṣe wọ́n.

Mo gbà pé ohun tó rí ló sọ. Àmọ́ pé adìyẹ gbó kò sọ ohun tó wà nínú ẹyin. Pákó tó ń ṣe àwọ̀ ewé yẹn, tó bá jẹ́ ti àtijọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ CCA: bàbà, kirómíọ̀mù àti májèlé tí wọ́n ń pè ní arsenic, tí wọ́n fi agbára tì wọnú igi. Ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ń ṣe é dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró fún ọ̀pọ̀ lílò inú ilé nígbà tí ọdún 2003 ń parí. Pákó tó ti wà kó tó di ìgbà náà ṣì kún inú ọgbà àti lára odi, ibẹ̀ sì ni àlòkù ti ń jáde.

Nígbà tó bá ti gbó, ó máa ń di eérú-eérú bíi pákó yòókù, ojú ò ní mọ̀ ọ́n mọ́. Ẹ gé orí rẹ̀ díẹ̀, kẹ́ ẹ wo ojú ibi tẹ́ ẹ gé. Bí etí rẹ̀ yí ká bá ní àwọ̀ ewé tí àárín sì funfun, oògùn ló wọ̀ ọ́ láti ìta. Ẹ tún wo ojú pákó: ojú gígùn tóóró tó tò tẹ̀ léra wọn déédéé, bíi pé wọ́n fi ọ̀bẹ gún un lọ, ẹ̀rọ ló gún un kí oògùn lè ráyè wọlé. Ọwọ́ èèyàn kì í gún nǹkan déédéé bẹ́ẹ̀.

Èyí tó bá ti dúró síbì kan ò fi bẹ́ẹ̀ ṣèèyàn ní nǹkan bí èyí tẹ́ ẹ bá gé. Ìyẹ̀fun rẹ̀ àti eérú rẹ̀ ni ìjàngbọ̀n. Ẹ má ṣe dáná sun ún láé. Arsenic ò jóná, inú eérú ló ń kó sí, ẹni tó bá wá kó eérú náà dà sínú ọgbà ti tan oró ká. Òjò sì máa ń fọ díẹ̀díẹ̀ lára pákó náà lọ sínú ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀, abẹ́ ilé adìyẹ gan-an ni adìyẹ sì fẹ́ràn láti yí erùpẹ̀ sí. Ti ìgbà tuntun tí kò ní arsenic, tó jẹ́ bàbà ló pọ̀ nínú rẹ̀, mo lè gbà fún ẹsẹ̀ ilé tó máa wọlẹ̀. Fún ibi tí adìyẹ ń bà lé sùn tàbí inú ìtẹ́ ẹyin, mi ò gbà.

* * *

Ọ̀rọ̀ ikán ti mú wa ya díẹ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ ká yà débẹ̀ dáadáa, torí ohun táwọn èèyàn ń fi lé ikán lè burú ju pákó tí wọ́n ń sá fún lọ.

Ọ́ìlì dúdú tí mẹkáníìkì ń yọ lábẹ́ ọkọ̀ ni wọ́n ń fi kun pákó. Mo mọ àwọn tó ń búra pé kò sí irú rẹ̀. Ikán lè sá fún un lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ́ìlì tó ti yí nínú ẹ́ńjìnnì ti kó eruku irin mọ́ra, ó sì ti kó irú àwọn kẹ́míkà tó wà nínú creosote. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sá fún òpó dúdú, ẹ tún wá fọwọ́ ara yín kun òpó dúdú míì.

Ohun tí mò ń ṣe rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Igi ilé adìyẹ mi kì í fara kan ilẹ̀. Mo máa ń gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé búlọ́ọ̀kù tàbí òkúta, kí n lè máa yọjú wo abẹ́ rẹ̀. Ikán tó bá ń bọ̀ gbọ́dọ̀ fi amọ̀ ṣe ọ̀nà lójú búlọ́ọ̀kù kó tó dé ara igi, ìgbálẹ̀ kan ṣoṣo sì ni mo fi ń ba ọ̀nà náà jẹ́.

* * *

Ohun kan wà tẹ́nikẹ́ni ò tíì dárúkọ, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà mí ju MB lọ: pákó tí wọ́n tú lára ilé adìyẹ míì.

Gbogbo èèyàn ń wò ó bí èyí tó dájú jù. “Adìyẹ ló ti gbé inú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, wàhálà wo ló tún kù?” Wàhálà iná adìyẹ ló kù, ìyẹn kòkòrò kéékèèké tó ń mu ẹ̀jẹ̀ adìyẹ lóru, tó sì ń sá sínú ihò pákó lójúmọmọ. Wọ́n lè wà láìjẹ láìmu fún oṣù mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ibi tí wọ́n sá sí bá tutù díẹ̀. Ẹ ti gbàgbé ilé àtijọ́ náà, àwọn ò gbàgbé. Ẹ fi ọ̀bẹ tọ́ inú ihò ìṣó àti ìsopọ̀ igi. Bẹ́ ẹ bá rí ohun tó jọ eérú funfun tòun ti àmì dúdú wínníwínní, ẹ fi bébà funfun tẹ̀ ẹ́. Bí pupa bá yọ lára bébà, ẹ̀jẹ̀ adìyẹ tó ti lọ nìyẹn.

Àìsàn pẹ̀lú ń bẹ níbẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì àrùn Marek máa ń wà nínú eruku ìyẹ́ fún oṣù púpọ̀, ẹyin kòkòrò tó ń fa ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ sì wà tí ọ̀pọ̀ oògùn ìfọlé ò ran. Irin ṣeé fọ̀ mọ́ pátápátá. Igi ní ihò, omi oògùn kì í dé gbogbo inú rẹ̀. Ẹ má lo irú pákó bẹ́ẹ̀, àyàfi tẹ́ ẹ bá mọ ẹni tó ni ín, tẹ́ ẹ sì mọ ohun tó pa adìyẹ rẹ̀.

* * *

Pákó kọnkéré ló kù, òun sì ni mo fẹ́ràn jù nínú òkìtì yín. Sìmẹ́ńtì tó gbẹ mọ́ ọn ò lè pa adìyẹ. Ẹ fi irin pẹlẹbẹ kan ha á kúrò, kẹ́ ẹ bo imú nígbà tẹ́ ẹ bá ń ha á. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fún yín ni ohun tí wọ́n fi ń kun pákó náà kí kọnkéré má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn míì ń lo dísẹ́ẹ̀lì tàbí ọ́ìlì dúdú yẹn kan náà. Ìdí tí mo fi sọ ti omi títa nìyẹn.

Bí pláíwúùdù bá wà láàárín wọn, ẹ wo etí rẹ̀. Tó bá ti ń la fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ìgbẹ́ adìyẹ á parí iṣẹ́ tí òjò bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí wọ́n fi eérún pákó lẹ̀ pọ̀, irú tí wọ́n fi ń ṣe kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ má tiẹ̀ gbé e wá. Tí omi bá kàn án, á wú bùkùbùkù, adìyẹ á sì máa ṣà á jẹ tòun ti gọ́ọ̀mù.

* * *

Olùbéèrè padà wá: Mo ti gbọ́. Mo wo òǹtẹ̀, HT ni gbogbo rẹ̀ àfi ọ̀kan tí kò ní nǹkan kan lára. Ẹni tó fún mi ní pákó kọnkéré ní omi lásán ni wọ́n ń ta sí i. Báwo ni kí n ṣe pín wọn?

* * *

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ fi pákó kọnkéré tó nípọn ṣe ẹsẹ̀ àti férémù, kẹ́ ẹ fi pẹlẹbẹ pálẹ́ẹ̀tì HT bo ara ilé. Èyí tí kò ní òǹtẹ̀, ẹ lò ó níta, lábẹ́ páànù, níbi tí ẹnu ò dé. Fún igi tí wọ́n ń bà lé sùn, ẹ má lo àlòkù kankan. Ẹ gé ẹ̀ka igi tútù tó nípọn, kẹ́ ẹ bó èèpo rẹ̀ kúrò pátá, torí abẹ́ èèpo ni iná adìyẹ fẹ́ràn láti sá sí. Ó kéré tán, kò ní ná yín ní nǹkan, ara rẹ̀ ni ẹsẹ̀ adìyẹ sì ń wà láti ìrọ̀lẹ́ dòwúrọ̀.

Ẹ má fi òòlù fọ́ pálẹ́ẹ̀tì o. Ìṣó wọn lọ́ bíi ti skúrù, pákó á là kí wọ́n tó jáde. Ẹ ti ayùn tí wọ́n fi ń gé irin bọ àárín pákó méjèèjì, kẹ́ ẹ gé ìṣó níbẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi ìṣó míì ti orí tó kù jáde láti ẹ̀yìn. Tẹ́ ẹ bá kàn án tán, ẹ so òòfà mọ́ igi kan, kẹ́ ẹ wọ́ ọ káàkiri ilẹ̀ ibi tẹ́ ẹ ti ṣiṣẹ́ kẹ́ ẹ tó tú adìyẹ síbẹ̀. Ìṣó kékeré tó ń dán lójú wọn dà bí oúnjẹ, inú iwe ló ń lọ gún wọn.